Ohun Tí Kámẹ́rà Ń Yà Sọ́tọ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́, ṣùgbọ́n etí odò ti kún. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án ni, ní Oxbow Bend, níbi tí odò Snake ti ká bí ìwọ̀ ẹja nínú igbó ọba Grand Teton, ní ìpínlẹ̀ Wyoming, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìrì ti dì lórí koríko, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ bàtà. Àwọn oníkámẹ́rà ti tò sétí omi, oníkálukú ti gbé kámẹ́rà tirẹ̀ lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ igi ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ti ẹnì kejì. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ sókè níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ á fọwọ́ bo ẹnu, bí ìgbà tí ìjọ bá ń retí kí àlùfáà bọ́ síwájú pẹpẹ.

Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ kan ṣóńṣó òkè Moran, tó ga ju 3,800 mítà lọ. Yìnyín orí rẹ̀ pọ́n bí osùn. Ìmọ́lẹ̀ náà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé orí àwọn igi aspen tí ewé wọn ti pọ́n bí ìyeyè, lẹ́yìn náà ó dé ojú omi. Omi dákẹ́ rọ́rọ́. Ó gbé òkè, ó gbé igi, ó gbé sánmà, ó dojú gbogbo wọn dé. Kámẹ́rà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹ̀wà tó ń bọ́ sínú igbá. Kò pẹ́ rárá tí atẹ́gùn fẹ́, tí ojú omi fọ́, tí òkè inú omi sì túká. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ká igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn.

Ṣé wọ́n wo ẹwà ni, àbí wọ́n kó o lọ?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé ju kámẹ́rà lọ. Kí ló yẹ kí ojú ṣe nígbà tó bá pàdé ògo? Àwọn ẹlẹ́sìn ti bára wọn jiyàn lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò sì tíì yanjú rẹ̀. Lédè Yorùbá, a máa ń ya fọ́tò ni. Ìró kan náà ló wà nínú kí a ya nǹkan sọ́tọ̀, àti nínú kí a ya nǹkan sí mímọ́. Ilé tí a yà sí mímọ́ di ilé Ọlọ́run. Igbó tí a yà sọ́tọ̀ di igbó orò, tàbí kó di igbó ọba. Ẹni tó ya fọ́tò náà ti ya nǹkan sọ́tọ̀: ó fi igun mẹ́rin yí ibì kan ká, ó ní èyí ni kí ojú wò, kí ìyókù dúró síta. Ó lè jẹ́ pé ó ń bọlá fún ohun tó wà nínú igun mẹ́rin yẹn. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń já a gbà kúrò lára ohun tó so mọ́.

Ọ̀rọ̀ ewé gan-an lè là wá lójú. Yorùbá mọ ọyẹ́ tó ń mú ewé àràbà wọ́, ṣùgbọ́n a ò ní àsìkò tí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń pọ́n pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ìgbà ìwọ́wé ni àwọn tó ń túmọ̀ ìwé sọ ọ́, orúkọ náà sì bá a mu. Bí ọjọ́ ti ń kúrú tí òtútù ń wọlé, igi á dẹ́kun pípèsè èròjà tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní chlorophyll. Èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ á tú ká. Àwọ̀ ìyeyè tó wá yọ jáde kì í ṣe àlejò. Ó ti wà nínú ewé láti ìgbà tí igi ti rúwé. Àwọ̀ tútù ló bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ti ọ̀nà jíjìn wá wò, kò sẹ́ni tó fi kún ewé. Ohun tó kù lẹ́yìn tí a ti mú nǹkan kúrò ni.

Igi aspen fúnra rẹ̀ tún ní àdììtú tirẹ̀. Igi ewé rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ, ìdí nìyẹn tí atẹ́gùn kékeré bá fẹ́ tí gbogbo igbó á máa gbọ̀n rìrì. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá wà. Ọgọ́rùn-ún igi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè jẹ́ igi kan ṣoṣo, nítorí gbòǹgbò kan ló ta gbogbo wọn sókè. Ní ìpínlẹ̀ Utah, tó bá Wyoming pààlà, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Pando. Ó gba ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 43, igi tó dúró lórí gbòǹgbò rẹ̀ sì tó nǹkan bí 47,000. Oníkámẹ́rà á yan ọ̀kan tó rẹwà láàárín irú igi bẹ́ẹ̀, á yà á lóun nìkan, á gbé e kọ́ sára ògiri. Igi yẹn kò sì dá wà rí láti ọjọ́ tó ti hù.

Kí a tó bá ẹnikẹ́ni wí, ó yẹ ká sọ ohun rere tí fọ́tò ṣe. Lọ́dún 1871, Ferdinand Hayden kó àwọn onímọ̀ lọ sí Yellowstone, ilẹ̀ tó wà ní àríwá Grand Teton. Ó mú ènìyàn méjì dání tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ojú: Thomas Moran tó ń kun àwòrán, àti William Henry Jackson tó ń ya fọ́tò. Kò sí fíìmù nígbà náà. Gíláàsì ni Jackson ń lò. Yóò da oògùn sójú gíláàsì, yóò rì í sínú omi tí wọ́n fi fàdákà ṣe, yóò sáré gbé e sínú kámẹ́rà, yóò yà á, yóò sì fọ̀ ọ́ nínú àgọ́ dúdú kí oògùn náà tó gbẹ. Bó bá gbẹ, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹranko ló ń ru gíláàsì, oògùn àti àgọ́ náà gun òkè. Nígbà tí wọ́n padà dé Washington, fọ́tò Jackson àti àwòrán Moran wà lára ohun tí wọ́n fi han àwọn aṣòfin. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 1872, Ààrẹ Ulysses Grant fọwọ́ sí òfin tó sọ Yellowstone di igbó ọba gbogbogbòò, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún yẹn kan náà, Jackson gun òkè Teton, ó sì ya fọ́tò àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yà níbẹ̀. Òkè tí wọ́n ń tò síwájú rẹ̀ ní Oxbow Bend lónìí, orúkọ Moran ni wọ́n fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ Moran kò dúró níbẹ̀ rí. Ìhà ìwọ̀-oòrùn, láti Idaho, ló ti wo àwọn òkè náà ní 1879.

Fọ́tò wà lára ohun tó gba igbó yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ àáké àti ọwọ́ àwọn tó fẹ́ tà á ní ẹyọ ẹyọ. Ẹ̀rí ńlá ni fún àwọn tó gbà pé wíwò lè jẹ́ iṣẹ́ ìsìn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó dúró síta. Orísun omi gbígbóná, àpáta, omi tó ń já láti òkè: ohun tí wọ́n fi han àwọn aṣòfin nìyẹn. Ẹni tó bá wò wọ́n á rò pé kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ rí, pé Ọlọ́run dá a sílẹ̀ ni, ó sì dúró de oníkámẹ́rà. Àwọn Tukudika, ẹ̀yà kan lára àwọn Shoshone, ló ń gbé orí òkè Yellowstone. Àgbò igbó ni wọ́n ń dọdẹ, ìwo rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe ọrun: wọ́n á fi ooru rọ̀ ọ́, wọ́n á tọ́ ọ, wọ́n á fi iṣan ẹran dì í. Ọrun náà le débi pé àwọn ẹ̀yà mìíràn ń wá rà á. Kí ẹ̀wádún yẹn tó parí, wọ́n ti kó wọn kúrò lọ sí Wind River àti Fort Hall, níbi tí ìjọba pa láṣẹ pé kí wọ́n máa gbé. Àwọn alákòóso ìgbà náà tilẹ̀ tan ìtàn kálẹ̀ pé omi gbígbóná tó ń tú jáde látinú ilẹ̀ ń ba àwọn ọmọ ìbílẹ̀ lẹ́rù, pé ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í súnmọ́ ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé, wọ́n tún sọ pé ilé náà ló ń bà á lẹ́rù.

Títí di 2022, òkè kan wà ní Yellowstone tí wọ́n ń pè ní òkè Doane. Gustavus Doane jẹ́ ọ̀gá ológun kan tó kópa nínú ìpakúpa ọdún 1870, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà pa àwọn Piegan Blackfeet tó tó 173 ó kéré tán, tí púpọ̀ wọn jẹ́ obìnrin, arúgbó àti ọmọdé. Lóṣù Kẹfà 2022 ni wọ́n pa orúkọ náà rẹ́, wọ́n sì sọ òkè náà ní First Peoples Mountain. Nǹkan bí àádọ́jọ ọdún ni ó gbà kí òkè kan tó gba orúkọ tí kò dójú ti àwọn tó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní 1964, òfin Amẹ́ríkà kan túmọ̀ ohun tí aginjù jẹ́: ibi tí ọmọ ènìyàn ti jẹ́ àlejò tí kì í fìdí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dára létí ni. Ní 1995, onímọ̀ ìtàn William Cronon kọ àròkọ kan tó dá rògbòdìyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn igbó, ó ní irú aginjù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a bá nílẹ̀. Ènìyàn ló ṣe é, ó kọ́kọ́ lé àwọn onílé jáde kó tó lè pe ilé náà ní òfìfo. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí i. Òótọ́ ló sọ.

Kò sì yẹ kí Yorùbá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn nìyí. Igbó ọba Ọ̀yọ́ Àtijọ́, tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1991, tóbi tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹfọ̀n ń jẹko níbẹ̀, ọbọ ń fò láti igi dé igi. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà wọ ibẹ̀ láìgbọ́ ìtàn, koríko àti igi ni yóò yà, yóò sì padà sílé láyọ̀. Ọ̀yọ́-Ilé ló wà lábẹ́ koríko yẹn, olú ìlú Aláàfin, tí ogun tú ní àwọn ọdún 1830. Ibi tí ìkòkò fọ́ sí ni ẹranko ń gbà lọ sódò. Ọmọ Yorùbá tó mọ èyí kò ní gbàgbọ́ wẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n bá fi fọ́tò igbó mìíràn hàn án tí wọ́n ní ibẹ̀ ṣófo láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Grand Teton náà ní abala tirẹ̀. Òkè àti adágún ẹsẹ̀ òkè nìkan ni ìjọba kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ní 1929. Àfonífojì tó tẹ́ síwájú òkè, ibi tí fọ́tò ti ń dára jù, ọwọ́ àwọn darandaran àti àgbẹ̀ ló wà. Olówó Amẹ́ríkà kan, John D. Rockefeller kékeré, fi orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn rà á díẹ̀díẹ̀, tí àwọn tó ń tà kò mọ ẹni tó ń rà, títí tí ó fi ní nǹkan bí éékà 35,000. Ìjà pọ̀ lórí rẹ̀ kó tó di pé wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní 1950. Títí dòní, abà méjì tí àwọn ọmọ ìjọ Mormon kọ́ síbẹ̀ dúró nínú pápá, òkè dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n sì máa ń sọ pé kò sí abà tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ tó wọn ní gbogbo Amẹ́ríkà. Igi wọn ti gbó di àwọ̀ eérú. Àwọn tó kọ́ abà yẹn gbẹ́ ipa omi kí oko wọn lè rí omi mu. Nínú fọ́tò, ipa omi kì í hàn.

Fọ́tò tó lókìkí jù lọ lára ti Teton ni èyí tí Ansel Adams yà ní 1942, ọdún tí Jackson arúgbó kú lẹ́ni ọdún 99. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé Adams débẹ̀. Ó dúró sórí ilẹ̀ gíga kan lẹ́bàá ọ̀nà, odò Snake ká níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ejò fàdákà, òkè wà lẹ́yìn, kùukùu dúdú ń ká kúrò lórí òkè. Kò sí ènìyàn kan. Nígbà tí Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Voyager méjì sí ojú sánmà ní 1977, wọ́n so àwo kan tí wọ́n fi wúrà bò mọ́ ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwòrán tó lé ní 100 wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé lẹ́yìn oòrùn wa lè mọ bí ayé ṣe rí. Fọ́tò Adams yìí wà lára wọn. Ó ti kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ oòrùn dé báyìí, ó ṣì ń lọ.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1943, Adams lọ sí Manzanar ní California, níbi tí ìjọba ti kó àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran wọn jẹ́ ti Jàpáànù sí àhámọ́ nítorí ogun. Ó ya ojú wọn ní ìsunmọ́: nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀, ọmọ iléèwé. Àwọn tó ń sọ pé kò fẹ́ràn ènìyàn ń gbàgbé èyí. Ọwọ́ kan náà ni. Ó mọ bí a ṣe ń fi ènìyàn sínú àwòrán nígbà tó bá rí i pé wọ́n ti yọ wọ́n kúrò nínú ayé.

Ẹni tó bá lọ sí ibi tí Adams dúró sí lónìí kò ní rí ohun tí Adams rí. Igi ti ga. Wọ́n ti bo kọ́rọ́ odò tó jẹ́ ọkàn fọ́tò náà. Àwọn kan ń bínú sí igi. Kò yẹ kí wọ́n bínú. Igi náà kò gba àṣẹ pé kó dúró ní ọdún 1942.

Ní Moose, nínú igbó ọba yìí kan náà, ilé àdúrà kékeré kan wà tí àwọn ìjọ Episcopal fi ìtì igi kọ́ ní 1925. Chapel of the Transfiguration ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí ara Jésù yí padà lórí òkè ni wọ́n fi sọ ọ́. Lẹ́yìn pẹpẹ, níbi tí ìjọ mìíràn ti ń gbé àwòrán kọ́, fèrèsé ni. Òkè Teton ló wà nínú gíláàsì yẹn, gedegbe, bí ẹni pé gbẹ́nàgbẹ́nà ló gbé e síbẹ̀. Fèrèsé yìí ya òkè sọ́tọ̀ bí kámẹ́rà ti ń ṣe, ó ní igun mẹ́rin, ó ní ohun tó fi síta. Àmọ́ kò mú nǹkan kan lọ. Ní ọjọ́ tí kùukùu bá bo òkè, kùukùu ni olùjọsìn á kọjú sí.

Ìtàn tí wọ́n fi sọ ilé náà lórúkọ bá oníkámẹ́rà wí jù bí àwọn tó kọ́ ọ ti lè mọ̀ lọ. Nínú ìwé Mátíù orí 17, Pétérù rí ògo Jésù, ó rí Mósè àti Èlíjà pẹ̀lú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí i lẹ́nu ni pé kí wọ́n pa àgọ́ mẹ́ta síbẹ̀. Ó fẹ́ kí ògo náà ní ilé, kó má lọ mọ́. Ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ìkùukùu ti bo gbogbo wọn, wọ́n sì ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ènìyàn ìsàlẹ̀, níbi tí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá ti ń dúró de ìwòsàn. Al-Kùránì náà ní tirẹ̀, nínú Súrà keje: Ànábì Mùsá bẹ Olúwa rẹ̀ pé kó jẹ́ kóun rí I. Olúwa ní kò lè rí Òun, ṣùgbọ́n kó wo òkè. Nígbà tí Olúwa fara hàn sí òkè náà, òkè fọ́ túútúú, Mùsá sì dákú. Ẹ̀sìn méjèèjì gbà pé a lè wo òkè. Kò sí èyí tó ní a lè dì í mú.

Yorùbá ti fi ojú sínú orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ fífẹ́ di nǹkan mú látìgbà ìwáṣẹ̀. Ojúkòkòrò ni à ń pè é. Kì í ṣe ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń jalè, ojú ni. Simone Weil, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kú ní 1943, rí ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tó jọ èyí. Ó gbà pé ìpọ́njú ńlá ló jẹ́ fún ọmọ aráyé pé wíwò yàtọ̀ sí jíjẹ, pé ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀ ti ibi tí a ti fẹ́ jẹ ohun tó yẹ ká kàn máa wò wá. Ó sì ka ìfarabalẹ̀ wo nǹkan, láìfẹ́ gba ohunkóhun níbẹ̀, sí àdúrà. Irú àdúrà bẹ́ẹ̀ wà ní Oxbow Bend kí ilẹ̀ tó mọ́. Kì í pẹ́ kó tó di ohun mìíràn.

Ojúkòkòrò yìí ní ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Ní 2018, àwọn tó ń bójú tó ìrìn-àjò afẹ́ ní Jackson Hole, àfonífojì ẹsẹ̀ òkè Teton, bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n má ṣe máa kọ orúkọ ibi gangan tí wọ́n ti ya fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Adágún kan wà lórí òkè, Delta Lake, tí àwọn díẹ̀ ló ń gùn débẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fọ́tò tàn kálẹ̀, èrò wọ́ tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ wọn la ọ̀nà sínú koríko tí kò lọ́nà. Àwọn tó ń wá fọ́tò tí wọ́n ti rí ló ń gòkè lọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí fojú bà á, wọ́n sì fi àfojúbà wọn wá ìròyìn.

Ohun tó tún burú ni pé wọ́n lè má rántí. Ní 2014, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Linda Henkel, tẹ ìwádìí kan jáde tó ṣe ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn tó ya fọ́tò nǹkan kò rántí rẹ̀ tó àwọn tó kàn dúró wò ó. Ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ti gbé ìrántí fún kámẹ́rà kó bá wọn pa á mọ́. Àfi àwọn tó sún kámẹ́rà mọ́ apá kan lára nǹkan náà, tí wọ́n ní láti fara balẹ̀ yan ibi tí wọ́n máa wò: tiwọn kò dín kù. Ìgbàgbé yìí ta ko orúkọ tí Yorùbá fún àwòrán. Babatunde Lawal, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ṣàlàyé pé nínú àwòrán ni wíwò àti ìrántí ti pàdé: ohun tí a wò láti rántí. Àpẹẹrẹ wà nílẹ̀. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Stephen Sprague, tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1978, rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò àwọn méjèèjì, oníkámẹ́rà á ya èyí tó wà láyé lẹ́ẹ̀mejì, á sì so àwòrán méjèèjì pọ̀, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Kámẹ́rà tó dá ẹni tó ti lọ padà sínú àwòrán nìyẹn. Ó yàtọ̀ gédégédé sí kámẹ́rà tó yọ Tukudika kúrò.

Ọdẹ Yorùbá kì í wọgbó láìjúbà. Ó mọ̀ pé igbó ní olúwa rẹ̀. Ohun tí òfin Grand Teton pa láṣẹ fún oníkámẹ́rà súnmọ́ ìjúbà yìí: kí ó jìnnà sí béárì àti ìkookò tó 100 yáàdì, nǹkan bí 91 mítà, kí ó sì jìnnà sí àwọn ẹranko tó kù tó 25 yáàdì. Ọ̀pọ̀ ka òfin yìí sí ọ̀rọ̀ ààbò ara nìkan. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgọ́rùn-ún yáàdì yẹn ni ibi tí ènìyàn ti bọ́ bàtà rẹ̀.

Béárì kan wà tí gbogbo oníkámẹ́rà ibẹ̀ mọ̀, tí àwọn onímọ̀ fún ní nọ́ńbà 399 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ so ẹ̀rọ mọ́ ọn lọ́rùn ní 2001. Ẹ̀bá ọ̀nà ló yàn láti máa tọ́ ọmọ. Àwọn onímọ̀ kan rò pé ó ń sá fún àwọn akọ béárì tó ń pa ọmọ béárì, tí wọn kì í fẹ́ súnmọ́ ọkọ̀ àti ènìyàn. Ní 2020, lẹ́ni ọdún 24, ó jáde látinú ihò pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ á tò lọ súà lójú ọ̀nà nígbà tó bá ń kọjá, kámẹ́rà á sì máa dún. Àwọn kan ń sọ pé kò sí béárì tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ tó o láyé. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn kan á sunkún bí wọ́n bá rí i ní ìgbà ìrúwé pé òtútù kò pa á. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá ọ̀nà ló ti mọ́ ọn lára láti máa gbé.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 2024, tí ìgbà ìwọ́wé ń parí lọ, ọkọ̀ kan gbá a ní àfonífojì odò Snake, ní gúúsù ìlú Jackson. Ó kú lẹ́ni ọdún 28. Awakọ̀ náà kò ṣẹ̀ sófin. Ọmọ rẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n sun òkú rẹ̀, wọ́n sì da eérú rẹ̀ sí àgbègbè Pilgrim Creek nínú igbó ọba, níbi tó ti gbé púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀.

Àwọn Shoshone ń pe àwọn òkè náà ní Teewinot, èyí tó túmọ̀ sí ṣóńṣó púpọ̀. Ìwọ tó ń ka èyí, bí ọ̀nà bá gbé ọ débẹ̀ nígbà tí ewé bá pọ́n, pe orúkọ yẹn kí o tó gbé kámẹ́rà sókè. Dúró ní 100 yáàdì. Kí o sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé pẹ̀lú, bí o bá lọ.